Láti Inú Ìtọ̀ Dé Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Ṣíṣọ́ Ṣúgà Ara Ọmọdé Alátọ̀gbẹ, Pẹ̀lú Ìtọ́kasí sí Etíkun Ìlàjẹ

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bí ìwọ̀n ṣúgà inú ara ọmọdé alátọ̀gbẹ ṣe di ohun tí ojú lè rí, àti bí ìtàn náà ti rí nígbà tí ó dé etíkun Ìlàjẹ. Irú àtọ̀gbẹ tí ara ọmọ kì í pèsè ínsúlíìnì mọ́ ni a ń sọ, kì í ṣe ti àgbàlagbà.

Ó yẹ kí a ti orí orúkọ àrùn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é ní àtọ̀gbẹ ti ṣọ́ aláìsàn dáadáa: ó rí i pé ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń gbẹ. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ náà rí i pé èèrà ń ṣù bo ìtọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 1776, Matthew Dobson ti Liverpool gbẹ ìtọ̀ aláìsàn lórí iná, ṣúgà ni ó sì kù. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kò tíì di ìwòsàn. Ikú ni òpin ọmọ tí àrùn yìí bá mú, títí di oṣù kìn-ín-ní 1922, nígbà tí wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní ínsúlíìnì ní Toronto.

Láti ìgbà náà ni ìṣọ́ ti di ọ̀ranyàn, nítorí ínsúlíìnì tí ó pọ̀ jù lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tí kò tó a sì pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò: wọn a sè é pẹ̀lú omi Benedict, bí ó bá dúró ní àwọ̀ aró, kò sí ṣúgà, bí ó bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà pọ̀. Hóró Clinitest tí ó dé ní 1941 mú iṣẹ́ iná kúrò. Àbùkù ọ̀nà méjèèjì kan náà ni: ìtọ̀ ń ròyìn ohun tí ó ti kọjá, kò sì lè sọ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ìyá ọmọ ń bẹ̀rù lóru. Ìpele ìkan ẹ̀jẹ̀ ní ojú ìka dé ní àwọn ọdún 1960. Ẹ̀rọ tí ń ka àwọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1970, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ó kọ́kọ́ wà fún.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Samuel Rahbar ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò ní Tehran láti wá irú haemoglobin tí ó ṣàjèjì. Ó bá ọ̀kan pàdé lára àwọn alátọ̀gbẹ. Ní 1976, Koenig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun náà, tí a ń pè ní HbA1c, lè sọ bí ṣúgà ti rí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sẹ́yìn. Ìwádìí DCCT ti 1993 ni ó wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìṣọ́ líle ń dáàbò bo ojú, kíndìnrín àti iṣan. (Ọdún 13 ni ẹni tí ó kéré jù nínú rẹ̀, àwọn tí ń tọ́ka sí i fún ọmọ ọdún 6 máa ń gbàgbé èyí.)

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nìyí: wíwá haemoglobin tí ó ṣàjèjì ni ó bí àyẹ̀wò náà, haemoglobin tí ó yàtọ̀ sì ni ó ń da á rú lọ́dọ̀ tiwa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, èyí sì lè da àwọn ọ̀nà àyẹ̀wò kan rú. Ti ọmọ SS le jù: ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ kì í pẹ́ láyé, nítorí náà èsì rẹ̀ máa ń kéré ju òtítọ́ lọ. Oníṣègùn tí kò bá béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò máa yin ìyá tí ó yẹ kí ó ràn lọ́wọ́.

Etíkun Ìlàjẹ tún fi tirẹ̀ kún un. Ínsúlíìnì tí a kò tíì ṣí ń fẹ́ fìríìjì, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ní iná mànàmáná tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Lónìí òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Ìkòkò amọ̀ méjì tí a fi yanrìn tútù sáàárín wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Òkè Ọya nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Létí omi, níbi tí afẹ́fẹ́ ti rin, agbára rẹ̀ kéré. Ọ̀rinrin yìí kan náà ni ó ń ba ìpele ìkan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ bí a kò bá dé ìgò rẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó jẹ púpurú láàárọ̀, tí ó sì tukọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣúgà rẹ̀ yóò gòkè, yóò sì wálẹ̀, kí ó tó di ọ̀sán. HbA1c tí a bá gbà lẹ́ẹ̀kan ní Igbókọ̀dá kò ní sọ èyí fún wa. Ìwé kékeré ilé ni yóò sọ ọ́, bí a bá kọ iye ṣúgà, wákàtí, oúnjẹ àti ọjọ́ ìtukọ̀ sínú rẹ̀.