Wọ́n Ní Mungo Park Ló "Discover" Odò Ọya

Ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwa tá a lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ni ò mọ ìdáhùn rẹ̀: ta ló discover River Niger? Kí tíṣà tó bèèrè tán, gbogbo kíláàsì á ti pariwo: Mungo Park! A sọ ọ́, a gba máàkì, ó parí.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ Agbóyì kan tó ń dáhùn ìbéèrè yìí. Agbóyì wà ní Kòsọ́fẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí Odò Ògùn ti ń sún mọ́ ọ̀sà. Tẹ́ ẹ bá ti ariwo Kétu àti Mile 12 bọ̀, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ sọdá. Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ kó tó mọ A, B, D ni wọ́n ń kọ́ pé odò ńlá kan wà, àwọn èèyàn ń pẹja nínú rẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ náwó náà lórí rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí i títí tí òyìnbó kan fi dé. Bí àlejò kan bá sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Agbóyì lónìí, tó gbé fóònù sókè, tó ní òun ti discover ibẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?"

Mi ò bá Park jà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ròyìn rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká tú wò.

Tá a bá já "discover" sí wẹ́wẹ́, ohun tó ń sọ ni pé kéèyàn ṣí ìbòrí kúrò lórí nǹkan. Inú Faransé àtijọ́ ló gbà wọ Gẹ̀ẹ́sì, Látìn sì ni orísun rẹ̀. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ṣíṣí nǹkan sílẹ̀ tàbí títú àṣírí ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó tú àṣírí kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ni àṣírí ti mọ̀ tipẹ́. Àwa náà ní tiwa tó jọ ọ́: afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn yangàn pé òun lòun kọ́kọ́ rí fùrọ̀ adìyẹ. Adìyẹ ti ń gbé e kiri látọjọ́ tó ti dáyé. Nígbà tó yá ni discover wá di ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan. Ìbòrí tó wà lójú àlejò ni wọ́n wá ń kà sí ìbòrí tó wà lórí odò.

Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ò ṣe fọ́ńté tó bẹ́ẹ̀. "Get wind of" jọ ọ̀rọ̀ inú igbó: ẹranko gbọ́ òórùn ọdẹ nínú afẹ́fẹ́, ó ti sá lọ. "Learn the ropes" jọ ọ̀rọ̀ atukọ̀ ojú òkun: okùn ìgbòkun pọ̀ rẹpẹtẹ, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń fà àti èyí tí wọ́n ń tú. Ẹ rí i pé nínú èyí kejì yẹn, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti mọ okùn náà ṣáájú, tó sì ń kọ́ ọmọ tuntun.

Ní tiwa, ṣàwárí la sábà fi ń túmọ̀ discover. Ó ní wá nínú, ó ní rí nínú: o wá a, o rí i. Kò sọ pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí i. Ohun tí o ò wá tí o kàn bá pàdé, o ṣalábàápàdé rẹ̀ ni. Tó o bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, o wádìí, ìyẹn ni pé o wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni gbọ́. Mo gbọ́ òórùn ẹja. Mo gbọ́ Faransé, ó yé mi. Mo gbọ́ pé omi ń bọ̀, ìyẹn ni pé ẹnì kan ló sọ fún mi. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ohun táwọn èèyàn ń sọ lẹ́nu ló kọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ó discover èdè Yorùbá.

Ní Agbóyì, ọ̀rọ̀ gbígbọ́ yìí kì í ṣe eré. Apá Ṣakí lọ́hùn-ún ni Odò Ògùn ti ń ṣàn bọ̀. Wọ́n kọ́ dáàmù sórí Odò Ọ̀yán, tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1983. Tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀ lásìkò òjò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń fara gbá a. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde nílé ní agbègbè Agbóyì àti Kétu. Kí wọ́n ta ọ́ lólobó pé omi ń bọ̀, àti kí o fẹsẹ̀ ara rẹ discover rẹ̀ lóru nígbà tó o sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò jọra rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọ̀rọ̀ tiwa yìí ka ìtàn Odò Ọya lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọya yẹn náà lorúkọ tí Yorùbá ń pe Niger. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ohun tá ò mọ̀ lórúkọ.

Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1788, African Association, ló rán Park níṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé odò náà wà. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò láti Mòrókò, ti dé etí rẹ̀ ní nǹkan bí 1352, ó sì kọ nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Náílì ló pè é. Ohun tó ń da àwọn ará London láàmú ni ibi tí omi náà ń ṣàn sí. Ní July 1796, Park dé Ségou, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Mali báyìí, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà oòrùn ló ń ṣàn lọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ó wádìí. Ní 1806, nígbà tó padà wá, odò yẹn náà ló kú sí ní Búsà. Isaaco tó ti jẹ́ afinimọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n tún rán ní 1810 pé kó lọ wádìí bó ṣe kú. Búsà àtijọ́ ti wà lábẹ́ omi Kàǹjì báyìí, látìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù ibẹ̀ ní 1968. Ibi tí nǹkan bò lóòótọ́ nínú ìtàn yìí, ọwọ́ ìjọba tiwa la ti bò ó.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ ń dùn mí jù ni James MacQueen. Ará Scotland ni, ó ń bójú tó oko ìrèké ní erékùṣù Grenada, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ẹrú tó wà lóko ló ń bi ní ìbéèrè: odò wo ló kọjá nílùú yín? Níbo ló gbà lọ? Ó fi èsì wọn pọ̀ mọ́ ohun tó kà nínú ìwé, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1821 pé ẹnu òkun tó wà lápá Benin ni Niger ń já sí. Òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń fi kálàmù gbèjà àwọn olóko tó ń kó èèyàn ṣẹrú. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé títí dòní. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, wọ́n pọ̀, wọ́n mọ odò ìlú wọn, wọn ò lórúkọ kankan nínú ìtàn.

Bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan táwọn òyìnbó ti ń ṣòwò ní ẹnu odò náà, ní Brass àti Bonny, tí wọn ò mọ̀ pé òun náà ni wọ́n ń wá. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n gba Ọ̀yọ́ Ilé kọjá, ó di Búsà, wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi lọ sísàlẹ̀. Pasko, Haúsá tó ń ṣe ògbufọ̀ fún Richard láti ìrìn àjò ìṣáájú, wà pẹ̀lú wọn. Lójú ọ̀nà, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọba Aboh. King Boy, ọmọ ọba Brass, ló dúró fún wọn, ó gbé wọn dé etíkun, pẹ̀lú àdéhùn pé ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ máa san owó rẹ̀ padà.

Ẹgbẹ́ Royal Geographical Society ní London fún Richard Lander ní ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fúnni rí. Ní ti King Boy, ọ̀gá ọkọ̀ náà, Captain Lake, lóun ò san kọ́bọ̀, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ náà.