Ìròyìn Gbọ́dọ̀ Yá Ju Omi Lọ: Ìtàn Odò Rhine fún Àwa Ará Òkè Ọya

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn ọjọ́ Sátidé, láti ẹnu ádímìn. Ohùn mẹ́rin ni.

Ohùn kìíní

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́kọ́ja, ní Makurdi, ní Yola, ní Minna, ní Onitsha, ẹ kú ọjà o. Ọjà á tà. Ẹni tí ariwo ọjà kò bá jẹ́ kó gbọ́ ohùn, àbúrò wa tó ń bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ yóò fi ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan ní Makurdi béèrè ọ̀rọ̀ kan tó dára. Wọ́n ní tí omi odò bá bàjẹ́ lókè, ta ló yẹ kó sọ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀? Àwọn kan ní ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn kan ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ẹnì kan tiẹ̀ ní "ta ló ń gbọ́?" Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n wá ìtàn rẹ̀ wá. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ara yín nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí àwa tí à ń gbé Òkè Ọya yìí, odò ni àwọn bàbá wa fi sọ orúkọ ibi tí a wà. Odò Ọya ni èyí tí òyìnbó ń pè ní Niger. Ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀ ti dé Òkè Ọya nìyẹn. Ẹ̀yin ti Onitsha, odò kan náà ló ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ọjà yín.

Odò Rhine ni mo fẹ́ sọ. Orí òkè ńlá ní Swítsàlandì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gùn tó 1,230 kìlómítà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Faransé, ó la Jámánì já, ó sì wọ inú òkun ní Họ́láńdì. Tí a bá ka gbogbo odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló pín in. Ó lé ní 20 mílíọ̀nù èèyàn tó ń rí omi mu láti ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, ilé iṣẹ́ irin, ibi ìwakùsà, gbogbo wọn tò sétí rẹ̀ bí ìsọ̀ ṣe ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ta ló kọ́kọ́ pariwo? Àwọn ará Họ́láńdì ni. Kò yani lẹ́nu, torí àwọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohunkóhun tí àwọn tòkè bá dà sómi, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún àwọn aládùúgbò wọn, títí orílẹ̀-èdè márùn-ún fi jókòó ní ìlú Basel ní oṣù Keje ọdún 1950: Swítsàlandì, Faransé, Jámánì, Luxembourg àti Họ́láńdì. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa dáàbò bo odò Rhine. Ẹ rántí pé ogun kò tíì parí ju ọdún márùn-ún lọ. Àwọn tó ń yìnbọn lu ara wọn ló wá jókòó sọ̀rọ̀ omi.

Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ yìí yóò yé yín ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Kóńgò ọjà kan kì í ṣe kóńgò ọjà kejì, mudu Kano náà sì yàtọ̀. Tí ẹ bá bi ara yín lórí fóònù pé èló ni ẹ̀wà, tí ẹ ò sọ irú òṣùwọ̀n tí ẹ ń lò, iye tí ẹ gbọ́ kò wúlò. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé orílẹ̀-èdè kan ń bu omi tirẹ̀ láàárín odò, èkejì ń bù ú ní bèbè. Ọ̀kan ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, èkejì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ni wọ́n fẹ́ jọ sọ tó máa yé ara wọn? Torí náà ni wọ́n ṣe fẹnu kò lórí ibi tí wọn yóò ti máa bu omi, ohun tí wọn yóò máa wá nínú rẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣùwọ̀n kan náà, ìwé kan náà.

Ohùn kejì

Ẹ má rò pé ìfẹ́ nìkan ló wà láàárín wọn o. Ìjà pọ̀. Iyọ̀ ló fa èyí tó gùn jù. Ní Alsace, ní apá ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń wa ohun tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Iyọ̀ tó bá ṣẹ́kù, inú Rhine ni wọ́n ń dà á sí. Tí iyọ̀ náà bá dé Họ́láńdì, ó ń da àwọn tó ń fi omi odò bomi rin ọ̀gbìn láàmú. Oníṣòwò ọ̀gbìn kan níbẹ̀, tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Bier, gbé àwọn awakùsà náà lọ sí kóòtù. Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀ pé níbo ni ká ti gbọ́ ẹjọ́: ibi tí wọ́n ti da iyọ̀ ni, tàbí ibi tí iyọ̀ ti ba ọjà jẹ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976, ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Yúróòpù ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè yan èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Oníṣòwò bíi tiwa ló jà á dé ibẹ̀. Ẹ ò sì lè ṣẹjọ́ iyọ̀ inú omi láìní ìwé tó sọ iye iyọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ó dáa. Àjọ wà, òṣùwọ̀n wà, ìwé wà. Ọdún 36 ni àjọ náà ti wà kí òru tí mo fẹ́ sọ yìí tó dé.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1986 ni, òru ọjọ́ Sátidé. Ní Schweizerhalle, lẹ́bàá Basel, iná sọ ní ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ Sandoz. Ẹrù inú ilé náà lé ní 1,200 tọ́ọ̀nù, oògùn apakòkòrò oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Fèrè ìkìlọ̀ jí àwọn ará ìlú lójú oorun, wọ́n ní kí kálukú ti fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Àwọn panápaná dé, wọ́n ń da omi sí iná. Omi tí wọ́n dà, ó tó ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tánkà, irú tánkà 10,000 lítà tó ń gbé omi wá sí àdúgbò wa. Kò sí kòtò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ láti gba omi yẹn dúró. Ó ṣàn lọ sínú Rhine, ó sì gbé májèlé tó wà láàárín 10 sí 30 tọ́ọ̀nù dání. Aró kan wà nínú ẹrù náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti pọ́n.

Ẹja kú. Irú ẹja kan wà níbẹ̀ tó gùn bí ejò, eel ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí 150,000 ló kú, ní ọ̀nà tó gùn tó 400 kìlómítà. Àwọn iléeṣẹ́ omi nísàlẹ̀ odò sáré ti ẹnu páìpù tí wọ́n fi ń fa omi. Àwọn ìlú kan wà ní Jámánì tó jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń gbé omi mímu lọ fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Májèlé yẹn lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lójú ọ̀nà kó tó dé Họ́láńdì. Ìpè fóònù kan láti Basel sí Rotterdam kò gba ìṣẹ́jú méjì. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ tó yẹ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ gbọ́ pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, kò pé. Wọ́n ń béèrè pé kẹ́míkà wo ni? Ó tó mélòó? Ìdáhùn kò tètè wá. Àwọn tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́ omi kò mọ ohun tí wọn yóò wá nínú omi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti odò, ẹni tó wà lókè ló ń dákẹ́, ti ẹlòmíì ló ń bá a dákẹ́.

Ohùn kẹta

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn fi pàdé ní Zurich. Inú ń bí àwọn ará ìlú, èrò ń wọ́de. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 1987, wọ́n fọwọ́ sí ètò tuntun kan ní Strasbourg. Wọ́n ní kó tó di 1995, ìdajì àwọn májèlé tó burú jù tí ilé iṣẹ́ ń dà sódò gbọ́dọ̀ dínkù. Wọ́n ní kó tó di ọdún 2000, ẹja salmon, tó ti pòórá nínú odò náà, gbọ́dọ̀ padà wá. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ka ìwé òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ ẹja. Salmon padà wá lóòótọ́ kí ọdún 2000 tó pé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkìlọ̀ tí wọ́n tún ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Wọ́n yan ibùdó ìkìlọ̀ sí etí odò, láti Basel, Strasbourg, títí dé Họ́láńdì. Ibùdó kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ pè. Wọ́n pín ìròyìn sí mẹ́ta. Ìkìní ni ìkìlọ̀: ewu ń bọ̀, ẹ ti ẹnu páìpù. Ìkejì ni ìfitónilétí: nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kò tíì di ewu, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu wa kí ẹ tó gbọ́ lẹ́nu oníròyìn. Ìkẹta ni ìwádìí: a rí ohun àjèjì nínú omi lọ́dọ̀ wa, a ò mọ ibi tó ti wá, ẹ̀yin tòkè, ẹ bá wa wò ó. Ìkẹta yìí ló wù mí jù. Omi ò lè ṣàn padà sókè, ìròyìn lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣe ìṣirò sórí kọ̀ǹpútà tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí májèlé yóò dé ìlú kọ̀ọ̀kan. Ní 1993, wọ́n ṣí ibùdó àyẹ̀wò kan ní Weil am Rhein, lórí ilẹ̀ Jámánì, nísàlẹ̀ Basel. Swítsàlandì àti Jámánì ló jọ ń náwó lé e. Ẹni tó lè bàjẹ́ àti ẹni tó lè jìyà jọ ń wo omi kan náà, nínú yàrá kan náà. Kò sí pé ìwé tèmi sọ báyìí, ìwé tìrẹ sọ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló yàtọ̀ láàárín 1986 àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sọ pé wọ́n dá àjọ sílẹ̀. Àjọ ti wà tipẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n sọ ọ́ di dandan kí a mọ ẹni tó ń pe ẹni, ìgbà wo, àti ohun tó gbọ́dọ̀ sọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú yóò tì í.

Ohùn kẹrin

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé wàyí. Odò Ọya gùn ju Rhine lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó lé ní 4,000 kìlómítà. Ọdún 1964 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà létí rẹ̀ ti dá àjọ sílẹ̀. Ní 1980 wọ́n sọ ọ́ di èyí tó wà ní Niamey títí dòní, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló sì wà níbẹ̀. Torí náà àwa náà kì í ṣe aláìlájọ.

Ní ti omíyalé, a ti ń kọ́gbọ́n. Ẹ rántí 2012. Èèyàn 363 ló kú gẹ́gẹ́ bí NEMA ṣe kà á, àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ̀yin ti Lọ́kọ́ja àti Makurdi, mi ò ní sọ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi. Nísinsìnyí, tí Cameroon bá fẹ́ ṣí omi ìdídò Lagdo sínú Benue, wọ́n ń fi tó àjọ NIHSA létí, NIHSA á sì kéde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìyẹn ni pé tí omi bá ń ga, a mọ ẹni tó ń pe ẹni.

Tí omi bá bàjẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa wà. NIHSA ń wo odò. NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ń wo ilé iṣẹ́ tó ń ba àyíká jẹ́. NAFDAC ń wo pọ́wọ̀tà tí à ń tà. Iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ ń wo omi ẹ̀rọ. Wolé-wolé ń wo kànga. NCDC ń ka àwọn tí àrùn mú. Odò kan náà, ìwé mẹ́fà. Ní 2021, àrùn onígbáméjì pa ohun tó lé ní 3,500 èèyàn ní Nàìjíríà, omi sì ni ọ̀nà tó ń gbà wọlé jù. Májèlé Sandoz ò pa tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi àwọn aṣojú wa nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò ni pé ní ìpínlẹ̀ yìí, tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yìí bá rí ohun tí kò dáa nínú omi lálẹ́ òní, ta ló gbọ́dọ̀ pè kí ilẹ̀ tó mọ́?

Kí ìdáhùn tó dé, a ní ẹgbẹ́ tó wà láti Yola dé Onitsha lórí fóònù kan. Torí náà, bí a ó ṣe máa ṣe é nìyí. Tí o bá rí i pé àwọ̀ odò yí padà, tí ẹja ń léfòó, tàbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bì tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru ládùúgbò kan, sọ orúkọ ibẹ̀, ọjọ́, wákàtí, àti ohun tí ìwọ fúnra rẹ fojú rí. Ya fọ́tò. Má fi ti "wọ́n ní" kún un. Sọ fún wolé-wolé àti iléeṣẹ́ omi kí o tó sọ fún wa, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì dá ohùn padà pé òun ti gbọ́. Ẹ bi mẹ́rúwà yín pé ibo ló ti ń pọn omi. Ẹ sì rántí pé sísè ń pa kòkòrò onígbáméjì, kì í lé kẹ́míkà. Omi tó bá ń rùn bí oògùn, ẹ má sè é, ẹ má mu ún.

Ibi tí mo máa dé nìyẹn lónìí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tàbí àtúnṣe, kó fi ohùn sílẹ̀, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ létí odò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé fọ́tò ọjà sórí ọ̀rọ̀ yìí títí di aago mẹ́jọ alẹ́.