Láti Àkúrẹ́ sí Ìkẹjà: bí pápákọ̀ òfurufú méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn

Bí wọ́n bá na okùn láti pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ dé ti Murtala Muhammed tó wà n'Ìkẹjà, l'Ékòó, láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì, gígùn okùn náà yóò tó nǹkan bíi kìlómítà 230, ìyẹn máìlì 143. Bàálù a máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 sí 45 lójú ọ̀nà yìí.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò lè béèrè pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàálù tó ń sá kìlómítà 500 ní wákàtí kan yẹ kó parí ìrìn náà láàárín ìṣẹ́jú 28. Àmọ́ bàálù kì í fò láti ẹnu ọ̀nà. Yóò kọ́kọ́ rìn nílẹ̀, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò sì dẹ eré kó tó balẹ̀. Bí àwọn mìíràn bá ti wà níwájú rẹ̀ l'Ékòó, yóò dúró de àyè tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru lè dá ìrìn-àjò dúró fún wákàtí púpọ̀.

Pápákọ̀ Àkúrẹ́, tí àmì rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ AKR, wà ní ìlà-oòrùn ìlú náà, lọ́nà Ọ̀wọ̀. Ti Èkó, LOS, ni wọ́n ṣí lọ́dún 1979, wọ́n sì fi sọrí Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa lọ́dún 1976. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù òkè-òkun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀, nítorí ibi tí bàálù abẹ́lé ń gúnlẹ̀ sí yàtọ̀ sí ti òkè-òkun, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ láàárín wọn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọkọ̀ ilẹ̀ lè gba Iléṣà àti Ìbàdàn, tàbí kó gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí tó wù kó gbà, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 300 ni, a sì máa gbà tó wákàtí márùn-ún, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá sí.

Ọ̀rọ̀ ará ìlú Oǹdó tún yàtọ̀. Àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀ ni Àkúrẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ Èkó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó ní láti kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ fún nǹkan bíi kìlómítà 45, kó tún la Àkúrẹ́ kọjá. Bí a bá ro èyí pọ̀ mọ́ wákàtí kan tó yẹ kí èrò ti dé ṣáájú, àkókò tó jèrè kò pọ̀ mọ́.

Ojú ọ̀nà yìí ti rí ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, bàálù tó ń gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgàgú, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́ já lulẹ̀ kété tó gbéra. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, 16 nínú wọn ló kú. Ìrìn tí kò tó wákàtí kan ni, síbẹ̀ wọn kò dé ilé.