Ìrù Kọ́ Ni Rírù

Ìwé pélébé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ tó ń kọ́ "ẹni tó ní akàn" bí yóò ṣe máa jẹun. Akàn kẹ̀? Lóòótọ́ ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi orúkọ alákàn pe àrùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tiwọn nìyẹn. Ìyá tó wọkọ̀ ní Mowé tàbí Ìbafò lọ sí ibùdó ìtọ́jú àrùn náà tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, lọ́dún 2019, àti bàbá tó gbéra ní Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, jẹjẹrẹ ni àwọn méjèèjì mọ̀. Kí jẹjẹrẹ máa jẹ́ jẹjẹrẹ. Kẹ́mò, oògùn tí wọ́n fi ń bá a jà, náà ti wọlé, kó jókòó.

Amúaradàgbà, orúkọ tí wọ́n fún purotéènì, ló ń bí mi nínú. Ó bá ọmọ iléèwé mu, nítorí ọmọdé ń dàgbà. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń gba kẹ́mò, kí ló tún fẹ́ dàgbà sí? Kí ẹran ara rẹ̀ má tán ló ń wá. Ìlànà àwọn oníṣègùn Yúróòpù ni pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jẹ purotéènì tó ju gíráàmù 1 lọ lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, kó tó 1.5 bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó wọn kílò 60 á wá nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 90. Ẹyin kan kò sì ní ju bíi 6 lọ. Atúnaraṣe ni mo fara mọ́: a-tún-ara-ṣe. Ẹni tó bá ní purotéènì tó òun, n kò bá a jà.

Orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò oúnjẹ aláìsàn ńkọ́? "Onímọ̀ nípa oúnjẹ aṣaralóore": kí o tó pè é tán, ẹ̀kọ ti tutù. Onímọ̀ yìí sì ti pọ̀ jù lẹ́nu wa. Òótọ́ ni pé yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, FUNAAB l'Ábẹ́òkúta wà lára wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: wọ́n á wọn aláìsàn, wọ́n á bi í léèrè ohun tó jẹ lánàá, wọ́n á pààrọ̀ ètò. Àwọn àgbà ṣẹ̀dá agbẹ̀bí láti inú iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn kò pè é ní onímọ̀ ọmọ bíbí. Ẹnìkan dá atọ́jẹ lábàá. Ó kúrú, ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kí ẹ wo bó ṣe súnmọ́ atọ̀ tó! Aṣètò oúnjẹ ni mo mú. Kò ní dàrú mọ́ alásè òde àríyá, nítorí ìyẹn ti ní orúkọ tirẹ̀.

Èyí tó le jù ni rírù. Bí ebi bá mú ènìyàn rù, oúnjẹ á dá ara rẹ̀ padà. Rírù ti jẹjẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀: àrùn náà ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ara, ó ń jẹ iṣan run, ó tún ń lé oúnjẹ kúrò lọ́kàn aláìsàn, àjẹyó nìkan kì í sì í dá a padà. Orúkọ wo ni ká fún un? Fi ì- síwájú rù, ìrù ẹran lo pè. Fi ì- síwájú gbẹ, ohùn yẹ̀ díẹ̀, o ti dé ṣálángá. Àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì ló gbà wá: rírù, gbígbẹ. Nítorí náà, rírù ebi àti rírù àìsàn. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ìyàtọ̀ tó yẹ kí mọ̀lẹ́bí mọ̀ sì ti hàn, kí wọ́n má baà máa bá aláìsàn jà pé kò fẹ́ jẹun.

Ẹnu bíbó, ẹnu kíkorò, inú rírìn: aláìsàn ti sọ wọ́n tán, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣẹ̀dá níbẹ̀. Orúkọ oúnjẹ náà ti wà nílẹ̀: ìrẹsì ọ̀fadà pàápàá, ìlú Ọ̀fadà lẹ́bàá Mowé ló fún un lórúkọ. Ìkìlọ̀ ló kù: ata ayámáṣe tí a fi ń jẹ ẹ́ máa ń ta ẹnu tó bó. Èèpo ìrẹsì náà sì le fún ẹni tó ń ṣu omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé fún aláìsàn, ẹ kà á sókè sí etí ìyá kan ní Ìbafò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá béèrè pé kí ni akàn ń wá níbẹ̀, ẹ yọ ọ́.