Pípín ìròyìn láàárín ọ̀rẹ́ lórí ayélujára ní Nàìjíríà

Pípín ìròyìn láàárín ọ̀rẹ́ lórí ayélujára ni àṣà tí ènìyàn fi ń mú ìròyìn tí ó kà, tí ó gbọ́ tàbí tí ó wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹbí tàbí ojúlùmọ̀. Àwọn tó gbà á lè kọ èrò wọn sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n lè fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń sunkún dáhùn, wọ́n sì lè tún un fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ní Nàìjíríà, orí WhatsApp, Facebook àti X (tí à ń pè ní Twitter títí di ọdún 2023) ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kíka ìwé ìròyìn tàbí gbígbọ́ rédíò ni pé orúkọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni olùgbà kọ́kọ́ ń rí, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Nítorí náà, ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín ọ̀rẹ́ méjì ni a sábà fi ń díwọ̀n òtítọ́ ìròyìn. Àjàkálẹ̀ àrùn Ebola ọdún 2014 fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí lè kan ẹ̀mí ènìyàn.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ìjíròrò lórí ìròyìn ti wà ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìwé ìròyìn wá pọ̀ ní ìgboro, ìdí àtẹ àwọn tó ń tà á di ibi ìpàdé. Ní Ìbàdàn, Èkó àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn ènìyàn a máa pé jọ sí ìdí àtẹ bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a ka àkọlé ojú ewé àkọ́kọ́ láìra ìwé kankan, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí òṣèlú àti bọ́ọ̀lù. Àwọn aráàlú a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò náà ní ètò tí wọ́n ti ń ka kókó inú ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá, tí olùgbọ́ sì ń pè láti sọ tirẹ̀. Àǹfààní kan wà ní ìdí àtẹ yẹn tí a kì í sábà kà sí: ìwé ìròyìn náà wà níbẹ̀ gan-an. Bí ẹnìkan bá sọ àsọdùn, ẹlòmíràn lè na ìka sí àkọlé náà.

Facebook dé ní 2004, Twitter ní 2006, WhatsApp ní 2009. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ fèsì ní láti kọ ọ̀rọ̀ jáde. Ní 2009, Facebook mú bọ́tìnnì tí a fi ń sọ pé a fẹ́ràn ohun kan jáde, Twitter sì fi bọ́tìnnì àtúnpín kún tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, Facebook fi àwọn àwòrán ìfẹ́, ẹ̀rín, ìyanu, ìbànújẹ́ àti ìbínú kún un. WhatsApp ṣe irú rẹ̀ ní 2022. Láti ìgbà náà, ènìyàn lè bínú sí ìròyìn kan, kí ó sì pín in kiri, láìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Pípín láìkà

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà àti ilé ìwádìí Inria ní Faransé ṣe ní 2016 fi hàn pé nínú 100 ìlà àtọ́ka ìròyìn tí wọ́n yẹ̀ wò lórí Twitter, 59 ni ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ láti ṣí. Àkọlé nìkan ni àwọn ènìyàn ń pín. Ní 2020, Twitter bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pín ìròyìn tí kò tíì ṣí pé ṣé kò fẹ́ kà á ná.

Ní Nàìjíríà, owó dátà tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ta dátà pọ́ọ́kú tí ó wà fún WhatsApp nìkan. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ àti àwòrán, ṣùgbọ́n kò lè fi ṣí ìlà àtọ́ka tó lọ sí ojú ewé ìwé ìròyìn. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ tí a dà kọ ni ìròyìn sábà máa ń jẹ́ nígbà tó bá dé inú ẹgbẹ́ WhatsApp: kò ní déètì, kò ní orúkọ oníròyìn, kò sì ní ibi tí a lè tọ̀ ọ́ dé. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sábà máa ń rí gbólóhùn kan tó túmọ̀ sí pé bí a ṣe gbà á ni a ṣe fi ránṣẹ́. Gbólóhùn yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ó ń yọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kúrò nínú ẹ̀bi, síbẹ̀ kò dí ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ láti máa lọ.

Yorùbá máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí lórí Twitter yàtọ̀. Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral ti ilé-ẹ̀kọ́ MIT yẹ ìròyìn tí ó tó 126,000 wò, èyí tí àwọn ènìyàn pín láàárín 2006 sí 2017. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní oṣù Kẹta ọdún 2018, òtítọ́ gba bí ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ 1,500 ènìyàn. Wọ́n tún rí i pé àwọn ènìyàn gan-an ló fa ìyàtọ̀ náà, kì í ṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ fúnra wọn. Irọ́ ní ohun tuntun nínú ju òtítọ́ lọ, ìyanu àti ìríra sì ni ó pọ̀ nínú èsì tí àwọn ènìyàn ń fún un.

Omi iyọ̀ àti Ebola, 2014

Ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rù ti gba ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn ní òru, lórí WhatsApp, BlackBerry àti Facebook, pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jí ẹbí wọn lójú oorun nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń pè lórí fóònù lóru jẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ àtàtà. Ta ni yóò ní kí ìyá òun lọ mú ẹ̀rí wá?

Ìjọba sọ pé irọ́ ni. Ní àárín oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé omi iyọ̀ kò wo Ebola, ó sì sọ pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ìròyìn sọ pé ó kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ènìyàn 20 ni Ebola fúnra rẹ̀ mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú, títí kan Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tí kò jẹ́ kí Sawyer kúrò ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Ní oṣù yẹn kan náà, BBC gba ọ̀nà tí irọ́ gbà: ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìmọ̀ràn lórí Ebola ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọ̀wọ̀ àti àtúnṣe

Inú ẹgbẹ́ ẹbí, ẹgbẹ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń kọjá lórí WhatsApp. Àgbà àti ọmọdé ló wà nínú ẹgbẹ́ ẹbí, èyí sì mú kí àtúnṣe nira. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá bá fi ìròyìn òfégè síbẹ̀, ọmọdé tó mọ̀ pé irọ́ ni kì í fẹ́ sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí, kí ó má baà dà bíi pé ó pe àgbà ní òpùrọ́. Àwọn mìíràn a kàn dákẹ́, wọn a ní "Ẹ ṣeun, sà," ọ̀rọ̀ a sì kọjá. Àwọn mìíràn a lọ bá àgbà náà ní kọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo rí i pé wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀." Ọ̀nà kejì yìí bá ìwà ọmọlúàbí mu, ṣùgbọ́n kò tó: gbogbo ẹgbẹ́ ló ka irọ́ náà, ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ àtúnṣe.

Irú àhesọ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ gan-an kí ó tó kú. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ń gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ pé ó ti kú, pé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Jibril láti Sudan ni ó ń jókòó ní ipò rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Buhari fúnra rẹ̀ ní láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè Poland pé òun gan-an ni.

EndSARS àti Twitter

Agbára àṣà yìí fún rere hàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS lòdì sí ìwà ipá àwọn ọlọ́pàá SARS. Nípa pípín ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ kó owó jọ, wọ́n wá agbẹjọ́rò fún àwọn tí a mú, wọ́n sì wá ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà, nígbà tí ìbọn dún ní Lẹkí, DJ Switch gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jáde ní tààràtà lórí Instagram. Láàárín ọjọ́ kan náà, àwòrán àtijọ́ tí kò kan ìwọ́de náà rárá tún ń lọ káàkiri pẹ̀lú àkọlé tuntun, èyí sì fún àwọn tó fẹ́ sẹ́ ohun gbogbo ní ohun tí wọn yóò dì mú.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ kúrò, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ìkànnì náà ní Nàìjíríà. Òfin náà kò kúrò nílẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi VPN wọlé ní gbogbo ìgbà náà. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìfòfindè náà kò bófin mu.

Ìdíwọ́ àti àyẹ̀wò

Íńdíà ni ìdíwọ́ tí WhatsApp fi sí àtúnfiránṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, àwọn jàǹdùkú pa ènìyàn níbẹ̀ nítorí àhesọ nípa ajọ́mọgbé tó tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp. Ilé-iṣẹ́ náà wá fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí a tún fi ránṣẹ́, ó sì ní ará Íńdíà kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ kọjá ibi 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó di ti gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ọ̀rọ̀ tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn di èyí tí a lè fi ránṣẹ́ sí ibì kan péré lẹ́ẹ̀kan.

Ní Nàìjíríà, Africa Check, Dubawa àti AFP wà lára àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò. Dubawa bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ọ̀rọ̀ Hausa ni orúkọ rẹ̀. BBC Yorùbá náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, ó sì mú kí ojú ewé ìròyìn tí a lè tọ́ka sí ní èdè Yorùbá pọ̀ sí i. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá ló ṣòro jù láti yẹ̀ wò. Kò ní àkọlé tí a lè wá lórí Google, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kì í sábà dárúkọ ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà tó lè gbọ́ ọ, nítorí láti 2016 ni WhatsApp ti ti gbogbo ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á. Ìgbà tí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá fi ohùn náà ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò ni wọ́n tó lè mọ̀ pé ó wà.