Kì í ṣe ìka yín ló burú: ìtàn gìtá fún ẹni tó fẹ́ ra àkọ́kọ́

1/ Àbúrò mi obìnrin ti tọ́jú owó díẹ̀, ó fẹ́ ra gìtá, ó sì ní kí n bá òun yan èyí tó dáa. Mo jókòó pé kí n kọ nǹkan méjì mẹ́ta ránṣẹ́ sí i, ló bá di ìtàn gígùn. Mo ní kí n kúkú kó o síbí, torí mo mọ̀ pé ó pọ̀ nínú yín tí gìtá ń bẹ lára ògiri yín tí ẹ ò fọwọ́ kàn án mọ́.

2/ Tèmi náà wà lára ògiri rí. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni. Àwo àkọ́kọ́ Aṣa, èyí tó jáde ní 2007, ni mò ń gbọ́ tọ̀sán tòru, gìtá inú ẹ̀ ti wọ̀ mí lórí. Màmá mi kó àjọ, wọ́n sì yọ lára ẹ̀ fún mi. Mo wọ ìsọ̀ kan, mo nawọ́ sí èyí tó dúdú, tó ń dán, tó sì tóbi jù. Ẹni tó ń tajà ní, "Ọ̀gá wọn lẹ mú yẹn." Inú mi dùn débi pé n ò bèèrè nǹkan kan.

3/ Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Orí ìka mi bó, ó jinná, ó tún bó. Tí mo bá tẹ okùn, ó dà bíi pé wáyà tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni mò ń tẹ̀. Tí mo bá sì wá rí i tẹ̀ tán, ohùn tó ń jáde ò bára mu. Mo gbé e kọ́ ògiri. Mo sọ fún màmá mi pé n ò ní ẹ̀bùn orin. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Kò burú." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

4/ Ó tó ọdún kan kí bọ̀ọ̀dá kan tó máa ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí mi. Wọ́n já a lára ògiri, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi ojú kejì wo ọrùn ẹ̀ lọ bí ìgbà tí káfíńtà bá ń wo pákó. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìwọ o. Gìtá yìí ni. Ta ló fẹ́ fi èyí kọ́ṣẹ́?"

Ẹ gbà mí! Odindi ọdún kan ni mo fi ń rò pé èmi ni mo burú.

5/ Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Mo lọ ka ìtàn gìtá, ohun tí mo sì rí nìyí: ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó ń ṣe gìtá fi ń wá ohun kan náà, ìyẹn ohùn tó ròkè, tó lọ jìnnà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń rí lára ògiri ìsọ̀ lónìí, torí ariwo ni wọ́n ṣe dá a bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nínú yàrá ò nílò ariwo.

6/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Sípéènì. Antonio de Torres ni wọ́n bí ní Almería ní 1817. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ kọ́. Gìtá ìgbà yẹn kéré, ohùn ẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Torres mú kí ikùn gìtá tóbi sí i, ó mú kí ojú ẹ̀ fúyẹ́, ó wá to àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ ojú náà bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí abẹ̀bẹ̀. Ohùn ẹ̀ jí. Gìtá olókùn náílọ̀n tí ẹ ń rí lónìí, àwòṣe Torres ni.

7/ Àwọn èèyàn ò gbà pé ojú gìtá ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ní 1862, Torres ṣe gìtá kan tí ojú ẹ̀ jẹ́ pákó gidi, àmọ́ tí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ páálí. Páálí o! Ó sì dún. Gìtá náà ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Barcelona.

Yorùbá ti sọ tiwa tipẹ́: ojú lọ̀rọ̀ wà. Tówó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ má fi san òdòdó tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ gìtá. Ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ náwó lé.

8/ Kí ni wọ́n ń lò bí okùn nígbà yẹn? Ìfun àgùntàn. Ó rọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kì í pẹ́ já. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn dókítà ń fi ìfun ṣe okùn tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́, ó sì wá ṣọ̀wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Albert Augustine ní New York wá dán náílọ̀n wò. Andrés Segovia, ọmọ Sípéènì tó jẹ́ gbajúgbajà atagìtá láyé ìgbà náà, gbà á, ó ń lò ó. Bí okùn náílọ̀n ṣe gba ipò ìfun nìyẹn lẹ́yìn ogun.

9/ Ó yá, ẹ bá mi kálọ sí Jámánì. Wọ́n bí C. F. Martin ní Markneukirchen ní 1796, inú ẹbí káfíńtà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fayolín-ìn gbé ìjà kò wọ́n, wọ́n ní kí ni káfíńtà ń wá nídìí gìtá. Ìjà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ní 1833 Martin kó ẹrù ẹ̀, ó di New York. Ní 1839 ó kó lọ sí Nazareth ní Pennsylvania. Ibẹ̀ nilé iṣẹ́ náà wà títí dòní. Láàárín àwọn ọdún 1840, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi méjì dábùú ara wọn sábẹ́ ojú gìtá, bíi lẹ́tà X.

10/ Okùn ìfun ni Martin ṣe é fún. Kò mọ̀ pé irin ń bọ̀. Ní 1915, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní San Francisco, àwọn olórin láti Hawaii wá ṣeré níbẹ̀, orin wọn sì gba ìgboro Amẹ́ríkà kan. Okùn onírin ni wọ́n ń lò. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, okùn onírin ló ń tà. Ohùn ẹ̀ ń ta gbọ́nmọgbọ́nmọ, àmọ́ ó ń fa gìtá tó ìlọ́po méjì bí náílọ̀n ṣe ń fà á.

11/ Igi oní-X yẹn ló jẹ́ kí ojú gìtá lè gbà á. Ọrùn wá ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Thaddeus McHugh ní ilé iṣẹ́ Gibson ronú kan ọ̀pá irin tí wọ́n á fi pamọ́ sínú ọrùn gìtá kó má baà tẹ̀, tí wọ́n sì lè yí i tó bá fẹ́ wọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé o: ẹ má ṣe fi okùn onírin sórí gìtá olókùn náílọ̀n láé. Kò ní igi yẹn. Ojú ẹ̀ á wú, ó sì lè ṣí kúrò.

12/ Ẹ ò tíì rí nǹkan. Ní 1906, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun kan sójú omi, wọ́n pè é ní Dreadnought, bí ẹni ń sọ pé "kò bẹ̀rù ohunkóhun." Ní 1916, Martin ṣe gìtá kan tó rí gbàǹgbà fún ilé iṣẹ́ Ditson tó ń ta ohun èlò orin ní Boston, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ ogun yẹn pè é. Ní 1931 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórúkọ ara wọn. Lẹ́yìn náà, gbogbo ayé ń ṣe é jọ.

Gìtá dúdú tí mo fi owó àjọ màmá mi rà? Òun ni. Ọkọ̀ ogun ni mo rà tí mo fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀.

13/ Èkó ńkọ́? Ojú omi ni gìtá gbà dé ọ̀pọ̀ èbúté wa. Àwọn ará Kru láti Làìbéríà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ta gìtá, wọ́n sì ń ta á káàkiri etíkun. Orin tí wọ́n ń gbọ́ nídìí ẹmu ti ibẹ̀ jáde. Tunde King, tí wọ́n bí ní 1910, ló wá sọ tiẹ̀ di jùjú, ó sì gba orin sílẹ̀ fún Parlophone ní 1936. Kì í ṣe gìtá lásán ló ń ta. Gìtá tí wọ́n pò mọ́ báńjò ni, èyí tí wọ́n fi awọ bo ojú ẹ̀ bí ìlù. Awọ máa ń dún ròkè ju pákó lọ.

14/ Ní 1949, Ayinde Bakare gbé nǹkan kọjá ibẹ̀. Ó so ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè mọ́ gìtá. Bí gìtá ṣe lè dúró láàárín ìlù púpọ̀ nìyẹn, títí dé gángan, láìjẹ́ pé ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ gìtá Ebenezer Obey àti King Sunny Adé lóde ìnáwó, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń tọ̀.

15/ Ẹ ẹ̀ rí i báyìí? Sípéènì, Amẹ́ríkà, Èkó, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń lé: kí wọ́n gbọ́ wa. Wọ́n sì jàre. Ẹni tó ń ṣeré fún èrò, ó di dandan kó dún.

Àmọ́ ìwọ àbúrò mi, inú yàrá lo wà, aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ti ń sùn lápá kejì ògiri. Ta lo fẹ́ kó gbọ́ ẹ? Ohun tó o nílò ni gìtá tó máa jẹ́ kí ìka rẹ padà wá lọ́la.

16/ Torí náà, bí a ṣe máa yàn án rèé.

Èkíní, okùn. Náílọ̀n rọ ìka lọ́rùn jù, àmọ́ ọrùn gìtá ẹ̀ máa ń fẹ̀: nǹkan bíi mìlímítà 52 níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ti onírin sábà máa ń jẹ́ bíi 43. Tí ọwọ́ ẹ bá kéré, gbá a mú wò kó o tó sanwó. Tó bá jẹ́ ohùn onírin ló wà lọ́kàn ẹ, kò burú, sọ pé kí wọ́n fi okùn tín-ín-rín sí i.

17/ Èkejì, kó káàdì ATM mẹ́ta dání. Èmi ò ṣàwàdà o. Ka àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, fret ni wọ́n ń pè wọ́n. Dé orí ìkejìlá, ki káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ sábẹ́ okùn tó nípọn jù. Lórí gìtá onírin, ó yẹ kí àlàfo ibẹ̀ gbà wọ́n géérégé. Tó bá gba márùn-ún, okùn ga jù, ìka ẹ á jẹ̀yà. Ti náílọ̀n lè gba mẹ́rin sí márùn-ún, kò sí wàhálà. Tèmi ọjọ́sí? Mẹ́fà wọlé, àyè ṣì kù.

18/ Ẹ̀kẹta, ṣí áàpù tí wọ́n fi ń yí ohùn gìtá lórí fóònù ẹ, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ nínú wọn. Ta okùn kan lófìfo, wo lẹ́tà tó gbé wá. Tẹ okùn yẹn lórí fret kejìlá, tún ta á. Lẹ́tà kan náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Ibẹ̀ ni ìdajì okùn, ohùn kan náà ló yẹ kó wà níbẹ̀, ó kàn máa ròkè ni. Tó bá yà sọ́tùn-ún sósì jìnnà, gbé e padà fún wọn. Kò sí bó o ṣe máa ta á tó máa dùn.

19/ Ẹ̀kẹrin, jókòó, gbé e lé itan. Tó bá jẹ́ pé èjìká ẹ ń gbéra sókè kí apá ẹ tó dé ojú okùn, gìtá yẹn tóbi jù fún ẹ. Onírin tó kéré ju ọkọ̀ ogun yẹn lọ wà, bèèrè wọn.

Ìkarùn-ún, di ojú kan, wo ọrùn ẹ̀ lọ bíi ti bọ̀ọ̀dá wa. Tó bá wọ́ bíi bàtà tójò pa, máa lọ.

20/ Wọ́n á sọ fún ẹ pé tójú ẹ̀ bá jẹ́ pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, kò dáa. Òótọ́ ni pé ojú tó jẹ́ ẹyọ pákó kan máa ń dún dáadáa jù, Torres ti fi hàn wá. Àmọ́ ìlú wa lọ̀rọ̀ wà: òjò ń rọ̀, ọyẹ́ ń fẹ́, pákó ń mu omi, pákó ń gbẹ. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ máa ń fara dà á jù. FG180 tí Yamaha gbé jáde ní Japan ní 1966, pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, àìmọye èèyàn ló sì fi kọ́ṣẹ́. Ìtìjú kankan ò sí níbẹ̀.

21/ Má sì ná gbogbo owó ẹ tán nínú ìsọ̀. Tọ́jú díẹ̀ fún okùn tuntun, àti fún ẹni tó máa bá ẹ tún un ṣe. Gìtá tí kò gbówó lórí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe máa ń sàn ju olówó ńlá tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lọ. Ìwà lẹwà, gìtá náà ń níwà.

22/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè gìtá tèmi: kò lọ síbì kankan. Bọ̀ọ̀dá yẹn yọ egungun kékeré tó gbé okùn dúró, wọ́n fi pépà tó ń họ nǹkan họ ìsàlẹ̀ ẹ̀ títí tó fi kúrú, wọ́n pààrọ̀ okùn sí tín-ín-rín. Iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ó ṣì tóbi jù fún mi, àmọ́ a ti mọwọ́ ara wa.

23/ Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo délé, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń ta á jẹ́jẹ́. Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé èyí tá a fowó àjọ rà ọjọ́sí nìyẹn?"

Mo ní, "Òun ni, mà."

Wọ́n ní, "Mo ṣe bí o ní o ò lẹ́bùn ni."

24/ Sátidé la máa lọ, èmi àti àbúrò mi, pẹ̀lú káàdì mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó fẹ́ ra gìtá, ẹ fi èyí hàn án kó tó wọ ìsọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì mọ ẹni tó ti gbé tiẹ̀ kọ́ ògiri, ẹ sọ fún un kó já a sílẹ̀, kó fi káàdì wọ̀n ọ́n wò ná, kó tó sọ pé òun ò lẹ́bùn.