Werner, Jørgensen àti àríyànjiyàn ọdún 14

Nígbà tí mo ń kọ́ yín ní fonọ́lọ́jì, ìbéèrè kan wà tí ẹ kì í yé bi mí: "Prof, ohun tí a kò rí, báwo la ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?" "Rówó" ni mo máa fi ń dáhùn. Láti ara "rí owó" ló ti wá. Fáwẹ́lì "rí" ti lọ, àmọ́ ohùn òkè rẹ̀ ṣì kù, òun ló ń jẹ́rìí. Lónìí, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Alfred Werner lorúkọ rẹ̀. Ìlú Mulhouse ni wọ́n ti bí i ní 1866. Zurich, ní Switzerland, ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1890, ibẹ̀ náà ló sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà náà, ọ̀rọ̀ cobalt ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ kan lè mú chlorine mẹ́ta. Ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ kún nìyẹn, síbẹ̀ amóníà mẹ́fà tún lè so mọ́ ọn. Níbo? Sophus Mads Jørgensen ní Copenhagen sọ pé àwọn amóníà náà so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún se àwọn èròjà yìí fúnra rẹ̀.

Werner kò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ ọdún 26 sì ni. Lóru ọjọ́ kan, ní aago méjì, ó ta jí pẹ̀lú ìdáhùn lọ́kàn. Ó ń kọ ọ́ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ní 1893, ó jáde. Ó ní cobalt wà láàárín, nǹkan mẹ́fà sì yí i ká: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀. Àwọn yẹn ni ará ilé. Chlorine tí kò bá ráyè nínú ilé, ìta ló máa wà.

Báwo la ṣe ń mọ ará ìta? Bí a bá da silver nitrate sínú omi èròjà náà, chlorine tó wà níta nìkan ló máa jáde, tí á rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹfun. Bí amóníà bá jẹ́ 6, chlorine mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jáde. Bó bá jẹ́ 5, méjì. Bó bá jẹ́ 4, ẹyọ kan. Títí débẹ̀, ẹ̀wọ̀n Jørgensen náà ṣàlàyé rẹ̀. Amóníà 3 ni ọ̀nà ti pín: Jørgensen ní ẹyọ kan á jáde, Werner ní kò ní sí ìkankan. Werner àti Arturo Miolati fi iná mànàmáná dán irú èròjà bẹ́ẹ̀ wò, iná náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá.

Jørgensen kò gbà, ó sì níbi tó dì mú. Bí Werner bá jàre, èyí tó ní amóníà 4 àti chlorine 2 nínú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣi méjì: kí chlorine méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tàbí kí wọ́n dojú kọra. Aláwọ̀ ewé nìkan ni wọ́n rí. Ìkejì dà? Ọdún 14 kọjá. Ní 1907, Werner se ìkejì jáde, ó jẹ́ aláwọ̀ elése àlùkò. Jørgensen gbà pé Werner ló jàre.

Ní 1911, Werner àti Victor King, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, tún ya oríṣi méjì tó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì sọ́tọ̀. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1913. Ó kú ní 1919, lẹ́ni ọdún 52.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ìtàn yìí ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀rí tí Werner kọ́kọ́ lò, ọwọ́ Jørgensen ló ti wá. Jørgensen kò fi pamọ́, kò sì yí i. Èmi ńkọ́? Mo rí àkójọ ọ̀rọ̀ kan nígbà kan tó ta ko àlàyé mi, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún méjì. Ẹlòmíì ló padà tẹ irú rẹ̀ jáde. Ìtìjú yẹn ṣì wà lára mi.

Bí à ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni báyìí, bí ẹ bá dárúkọ Werner fún àwọn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ Jørgensen náà.